Ẹ Bi Àǹtí Léèrè Aṣọ: Fọ́tò Ti Kún Fóònù Mi, Mi Ò Sì Tíì Mọ Aṣọ Tó Jẹ́ Tèmi

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Alágbàká níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń dà mí láàmú o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Sátidé kan tí kò sí aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ mo máa ń wá sítáì gan-an ni, lórí Pinterest, lórí Instagram, lórí status àwọn èèyàn, fọ́tò ti kún fóònù mi débi pé ó ń sọ fún mi pé àyè ti tán. Àmọ́ tó bá ti kan ká gbé aṣọ fún télọ̀, orí mi á kàn dàrú, màá wá mú èyí tó bá ṣáà wà lókè. Tó bá rán an tán ó máa bá mi lára mu o, àwọn èèyàn á máa yìn mí, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó máa ń dà bíi pé mo yá aṣọ ẹlòmíì wọ̀ ni, tí mo bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó parí nìyẹn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, tẹ́ ẹ bá rí i láti ẹ̀yìn lójú títì Ọba Adésidà, kó tó yíjú ẹ ti mọ̀ pé òun ni, aṣọ ẹ̀ kì í sì í wọ́n. Báwo lèèyàn ṣe ń dé ibi tó dé yẹn? (Onífọ́tò Púpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń kà wá ni ìbéèrè yìí wà lọ́kàn wọn, mo fẹ́ dáhùn ẹ̀ dáadáa, nítorí náà fara balẹ̀.

Fọ́tò tó o kó jọ yẹn ò burú, bẹ́ẹ̀ ni kò pọ̀ jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ò ń lò wọ́n bí a ṣe ń lo kálẹ́ńdà sítáì tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀, èèyàn á na ọwọ́ sí ọ̀kan pé "èyí ni mo fẹ́", télọ̀ á sì ṣe é bó ṣe rí. Kálẹ́ńdà yẹn wúlò o, tí òde bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kò sí ohun tó yá jù ú lọ. Àmọ́ sítáì tó wà nínú fọ́tò, ti ẹni tó wọ̀ ọ́ níbẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ tìẹ ni ohun tójú ẹ ń padà lọ wò láti inú fọ́tò kan dé inú òmíì, tí ìwọ fúnra ẹ ò sì mọ̀. Òun la fẹ́ wá.

Lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá wà tára sì tù ẹ́, ṣí fóònù ẹ, mú bí ọgbọ̀n fọ́tò péré, èyí tójú ẹ bá ṣáà bà lé tọ́kàn ẹ sì fà sí, má rò ó rárá. Kó wọn síbì kan. Tó bá jẹ́ Pinterest lò ń lò, ṣí board tuntun kó o sì sọ ọ́ di secret, kó jẹ́ ìwọ nìkan lo máa rí i, torí mo ti ṣàkíyèsí pé téèyàn bá ti mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ máa yọjú síbẹ̀, ohun tó máa wu àwọn ọ̀rẹ́ ló máa ń kó síbẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, máa báṣẹ́ ẹ lọ. Ìgbà tó o bá padà débẹ̀, èyí tí kò bá wù ẹ́ mọ́, yọ ọ́ kúrò láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ìyẹn niṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Mú bírò àti ìwé, kì í ṣe fóònù, kó o wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó o bi ara ẹ pé kí ni mo fẹ́ràn níbí gan-an? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ijapo gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi, gáùn kọ́sẹ́ẹ̀tì ló kún inú ẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ òkúta tó ń dán mọ́ lójú àyà káàkiri. Òun fúnra ẹ̀ ti gbà pé kọ́sẹ́ẹ̀tì lòun fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́ kì í lè mí dáadáa, oúnjẹ òde ò sì ní gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ lọ. A jókòó, mo ní kó fi àtàǹpàkò bo ojú àti irun àwọn ọmọbìnrin yẹn, kó wo aṣọ nìkan. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kan kúrò nílẹ̀, torí pé mékọ́ọ̀pù ló fẹ́ràn níbẹ̀, tàbí ilé ńlá tí wọ́n dúró síwájú ẹ̀. Nínú èyí tó kù, ohun méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àkọ́kọ́, kò sí àwọ̀ kankan tó ń pariwo níbẹ̀, búráùn ni, àwọ̀ ilẹ̀ ni, àwọ̀ sányán ni. Ìkejì, gbogbo wọn ló ní aṣọ kan tó bọ́ wálẹ̀ láti èjìká, ìpèlé lára àwọn kan, ọwọ́ aṣọ tó fẹ̀ lára àwọn yòókù. Kọ́sẹ́ẹ̀tì yẹn ò sí lára ohun tójú ẹ̀ ń wò rárá! A wá ṣí fọ́tò tiẹ̀ fúnra ẹ̀, a rí ọ̀kan tó ti ń rẹ́rìn-ín dénú, bùbá funfun ọlọ́wọ́ fífẹ̀ ló wọ̀ sórí ìró àdìrẹ tó ti ṣá díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti ń wọ̀ ọ́ tipẹ́, kò kàn kà á sí aṣọ gidi torí pé kì í ṣe aṣọ òde.

Nítorí náà, kọ ohun tó ń tún ara ẹ̀ sọ sílẹ̀: àwọ̀, ọrùn aṣọ, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe gùn tó, bóyá ó fún tàbí ó tú, ibi tí etí ẹ̀ dé lẹ́sẹ̀, irú aṣọ tí wọ́n fi rán an. Ohun tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré, fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ ìfẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tó bá ń yọjú ṣáá, bó o bá tiẹ̀ rò pé kò bóde mu, òun ni kó o di mú.

Lórí àwọ̀, mi ò ní fẹ́ kó o kàn kọ "pupa" tàbí "búlúù" kó o sì kọjá. Lọ wo aṣọ òkè àtijọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wà nínú fọ́tò tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè wà nínú àpótí màmá ẹ àgbà. Sányán, búráùn fẹ́rẹ́, òwú tí kòkòrò inú igbó ń ṣe ni wọ́n fi ń hun ún látijọ́. Àlàárì, pupa tó jinlẹ̀. Ẹtù, aró tó dú débi pé tí kò bá sí oòrùn wàá pè é ní dúdú. Wò wọ́n papọ̀, kó o wo èyí tójú ẹ kọ́kọ́ gbá mú. Àwọn baba ńlá wa ti bá wa ṣa àwọ̀ tó bá awọ ara wa mu kí ẹnikẹ́ni tó dá fóònù sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa níbí náà ò kẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ní òfì tiwọn tí wọ́n ń fi hunṣọ, èyí tó máa ń dúró lóòró, aṣọ tó ń tibẹ̀ jáde sì nípọn, ó níyì. Tó o bá ráàyè dé Ọ̀wọ̀ nígbà ọdún Igogo, lọ. Ọlọ́wọ̀ á di irun, á wọ aṣọ bí obìnrin pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn láti fi bọlá fún Ọ̀rẹnsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ kan láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ò sì ní wé gèlè lásìkò yẹn, ọkùnrin ò ní dé fìlà. Ká rí ìlú tí gbogbo orí wà lásán, tí iyùn wá ń pọ́n láàárín ẹ̀, ojú èèyàn á kọ́ ohun tí Pinterest ò lè kọ́ ọ.

Mo mẹ́nu ba Pinterest. Ó ti wà láti 2010, ó sì dáa, èmi náà ń lò ó. Àmọ́ ohun tó o bá wá lánàá ló máa gbé fún ẹ lónìí. Tó o bá kọ "outfit ideas" síbẹ̀, kóòtù òtútù ló máa dà síwájú ẹ, àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dúró nínú yìnyín, nígbà tí oòrùn Àkúrẹ́ ń jó wa níbí. Kọ "iro and buba" síbẹ̀. Kọ "adire boubou", "aso oke", "oleku 1970s". Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ohun tó ń gbé wá á yàtọ̀ pátápátá, ó máa ń yà mí lẹ́nu bó ṣe ń yára yí padà. Tún wá fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó ti di olóògbé, ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà káàkiri, ó sì ya gèlè náà, dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú wọn, kò sí àwọ̀ tó máa tàn ẹ́ jẹ, bí nǹkan ṣe rí gan-an nìkan ni wàá rí. Fún ẹni tójú ẹ̀ ti rí kọ́sẹ́ẹ̀tì àti òkúta títí tó ti sú u, ó máa ń tù ú lára.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni álíbọ́ọ̀mù ilé yín. Lọ gbé e jáde. Fọ́tò tí màmá ẹ àti àwọn àǹtí ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, èyí tí wọ́n ti wọ olékù tí ìró ò ju orúnkún lọ, tí wọ́n gbé ọwọ́ sí ìbàdí. Ara tí wọ́n ní nígbà yẹn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ara tìẹ lónìí, èjìká yẹn, ìbàdí yẹn, ọrùn yẹn. Aṣọ tó bá wọn mu ti gbìyànjú ara ẹ̀ wò lára ẹ̀jẹ̀ ẹ kó tó kàn ẹ́. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù, kó o gbọ́ ìdí.

Kò wá túmọ̀ sí pé kó o ran olékù náà bó ṣe rí. Shade Thomas-Fahm ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Èkó ní 1960, ohun tó ṣe nìyí: ó mú ìró, ó fi síìpù sí i kó má baà máa tú lára obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ téèyàn á kàn dé lórí, ó mú agbádá ọkùnrin ó sọ ọ́ di bùbú obìnrin. Ohun tó fẹ́ràn lára aṣọ tó wà nílẹ̀ ló mú, ìyókù ó fi sílẹ̀. Ìwọ náà lè mú ọwọ́ bùbá ìyá ẹ kó o fi sára ṣẹ́ẹ̀tì tó ò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká.

Kó o tó gbé nǹkankan fún télọ̀, kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ. Ohun tó o kọ sílẹ̀ yẹn, fi ṣa aṣọ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o máa ya ara ẹ níwájú dígí láràárọ̀, kó o tó jáde. Tí ohun kan bá wà tó ò ní, bóyá gáùn tó tú, lọ sí Ọjà Ọba, lọ ṣa òkìríkà, wá èyí tó jọ ọ́, wọ̀ ọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tó o wọ̀ ọ́ o gbàgbé pé o wọ aṣọ, tó ò fà á sọ́tùn-ún fà á sósì, ó ti rí ẹ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kó o wá ra ànkárá ọ̀pá mẹ́fà ẹ. Gbé aṣọ náà jáde síta, kó o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ nínú ìmọ́lẹ̀ kó o tó sanwó, torí iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ padà, fóònù sì tún burú jù ú lọ.

Ní ti aṣọ ẹbí, a ò lè yan àwọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti bá wa yàn án. Ṣùgbọ́n ọrùn, ọwọ́, bó ṣe tú tó, tìẹ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ti ń ṣe é tó o fi ń mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn, lọ wò ó dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ọmọ FUTA ni mí, mi ò lówó, dátà gan-an ìṣòro ni. Jíìnsì méjì àti àwọn tọ́ọ̀pù kan ni mo ní. Ṣé ẹni bíi tèmi tiẹ̀ lè ní sítáì? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó lè ní o, ọmọ mi, ó sì rọrùn fún ẹ jù fún ẹni tó ní kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta. Má fi dátà ṣòfò. Máa wo àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní Jímọ̀, tàbí ní North Gate yín níbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí aṣọ ẹ̀ bá dá ẹ dúró, lọ kí i, kó o sọ fún un pé aṣọ ẹ̀ wù ẹ́, kó o bi í níbi tó ti rà á, ọ̀pọ̀ á fi tẹ̀rín tọ̀yàyà dá ẹ lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, yan ohun kan ṣoṣo tó máa jẹ́ tìẹ. Ó lè jẹ́ ìborùn àdìrẹ, ó lè jẹ́ yẹtí onígi, ó lè jẹ́ bó o ṣe ń ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ̀ ọ́ pẹ̀lú jíìnsì méjèèjì ní gbogbo ìgbà. Tí owó bá dé, èyí tó kù á tẹ̀ lé e. Jọ̀ọ́, má jẹ gbèsè torí aṣọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní ìlú Oǹdó. Ọmọ mi obìnrin ló fún mi ní ìwé ìròyìn yín, ó ní kí n máa wo fọ́tò kí n lè mọ aṣọ tó bá mi mu báyìí tí mi ò wọ kóòtù lọ sílé ìwé mọ́. Ṣé irú nǹkan báyìí kì í ṣe tàwọn ọmọdé àtàwọn obìnrin? (Tíṣà Àgbà, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi o, bàbá wa. Rárá, kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹ jẹ́ ká wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fìlà kan náà àti awò ojú róbótó, ọmọdé tí kò bá a láyé rárá á mọ̀ ọ́n nínú fọ́tò, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń béèrè fìlà Awólọ́wọ̀ lọ́jà. Ẹ sì tún ní ẹlòmíì nílé, King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ẹ kó wọn jáde, ẹ má tíì gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ wo ojú páálí ẹ̀ dáadáa, ẹ wo bí aṣọ ṣe jókòó lójú èjìká. Ojú páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ni Instagram àwọn ọkùnrin nígbà yẹn, èmi gbà bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ wá wá fọ́tò tẹ́ ẹ yà nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kí lẹ wọ̀? Ṣé dàńṣíkí ni, àbí bùbá àti ṣòkòtò? Fìlà yín ńkọ́, ṣé gọ̀bì tẹ́ ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí abetí ajá? Ohun tẹ́ ẹ máa ń wọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún yín, ẹ padà sí i. Ohun kan tí mo máa fi kún un ni pé kẹ́ ẹ ní kí télọ̀ tún yín wọ̀n, kó má lo ìwọ̀n àtijọ́, torí ara àgbà máa ń yí padà, agbádá tó bá sì ti gùn jù lẹ́sẹ̀ máa ń kọ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ yín obìnrin fẹ́ràn yín, ẹ bá mi kí i.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, télọ̀ ni mí lágbègbè NEPA, Àkúrẹ́. Ẹ bá mi bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé fọ́tò wá, wọ́n á ní "bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ẹ", tí mo bá rán an tán wọ́n á ní mo ba aṣọ àwọn jẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ kọ̀ tí kò san owó iṣẹ́ mi. (Màdáàmù Abẹ́rẹ́, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màdáàmù. Ó dùn mí pé wọ́n mú yín ṣiṣẹ́ láìsanwó, kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ gbọ́ o. Aṣọ tó wà nínú fọ́tò sábà máa ń jẹ́ ṣífọ́ọ̀nù tàbí kírépù, aṣọ tó ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wá gbé ànkárá tó le lọ bá télọ̀ pé kó ṣàn. Kò lè ṣàn, ńṣe ló máa dúró gbọn-in. Lẹ́ẹ̀sì tún ní tiẹ̀, bí iṣẹ́ ara ẹ̀ bá wúwo, ìṣẹ́po kéékèèké ò lè jáde lára ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni inú fọ́tò ga, bàtà ẹ̀ ga, wọ́n sì ti lè fi pín-ìnnì fún aṣọ yẹn lẹ́yìn níbi tí kámẹ́rà ò dé. Ẹ̀kẹta ló wá burú jù báyìí: fọ́tò aṣọ ẹbí tí kì í ṣe èèyàn, AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá àwòrán ṣe, ló yà á. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù yín kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé kò sí ojú ìrán, kò sí síìpù, ọwọ́ aṣọ kan lè pọ̀ ju ìkejì lọ, bátànì á kàn pòórá sínú ara ẹ̀. Kò sí télọ̀ tó lè rán an torí pé ẹnikẹ́ni ò rán an rí. Ẹ lè fi wo àwọ̀, ẹ lè fi wo ìrísí ọrùn, àmọ́ ẹ má ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin náà, màdáàmù, tí oníbàárà bá gbé fọ́tò dé, ẹ má kọ́kọ́ dá a lóhùn pé "ó ṣeé ṣe". Ẹ bi í pé: kí lẹ fẹ́ràn jù níbí, ọrùn ni, ọwọ́ ni, àbí bó ṣe gùn? Èyí tó bá dárúkọ ni kẹ́ ẹ ṣe bó ṣe rí, ìyókù kẹ́ ẹ bá a tò ó mọ́ ara ẹ̀ àti aṣọ tó gbé wá. Ẹ ní kó wá fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ náà, tí kò bá rí i, ẹ bá a pinnu bí ẹ̀yìn á ṣe rí níbẹ̀ kó tó lọ. Ẹ yà á sínú ìwé yín, kódà bí ẹ ò bá mọ àwòrán yà, kó fọwọ́ sí i lábẹ́. Ẹ gba ìdajì owó iṣẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ sì pè é wá wọ̀ ọ́ wò nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì fi òwú fífẹ̀ mú un, kẹ́ ẹ tó gé etí ẹ̀ kúrò.